Irun Dàda Kì í Ṣe Gíga

Ká má tan ara wa jẹ, Yínká kúrú. Táyà ló ń lẹ̀ ní Pápá Àjàó, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn jíìpù, oníbàárà á máa pariwo pé, "Ọ̀gá dà?" Ẹni tó bá fi ṣẹ̀fẹ̀ á gbọ́ èsì: bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹnu rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Dàda ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà, irun ta kókó sókè lórí rẹ̀ bí òṣùká. Yínká á máa fi yangàn fún gbogbo àdúgbò pé ní ti gíga, èyí ò ní jọ òun. Jael ìyàwó rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ṣòkòtò ilé ìwé tí wọ́n rà tóbi, kí ọmọ lè dàgbà sínú rẹ̀, ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Yínká ní télọ̀ ni kò mọṣẹ́. Jael kó bàbá àtọmọ lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì Motọ́lání ní kí Dàda fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì nawọ́ kó tẹ irun náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Yínká lọgun. "Irun dàda ni. Èmi àti ìyá ẹ̀ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin fúnra yín ẹ yà á sọ́tùn-ún sósì fún mi, sà. Orí la fẹ́ wọ̀n, a ò wọn irun."

"Ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣebí orí ẹ̀ náà ni irun wà!"

Nọ́ọ̀sì wò ó látòkè délẹ̀, kò sì pẹ́ kó tó wò ó tán. "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá dúró síbí. Mo máa wọn bàbá náà."

"Èmi náà ṣì ń dàgbà ni?"

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Jael ò rẹ́rìn-ín.

"Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ló jọ, kò sí wàhálà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ló ń dá a dúró. Tí a ò bá tètè mọ̀ ọ́n, tí àsìkò ìdàgbà bá kọjá, ó kọjá nìyẹn."

Yínká bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, Jael sì gbọ́ iye tí ọkọ òun ga gan-an. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya irun ọmọ náà sọ́tùn-ún sósì títí awọ orí fi hàn. Nọ́ọ̀sì fa pátákó tí wọ́n fi ń wọn gíga wálẹ̀ sórí rẹ̀, ó tún fà á wálẹ̀.

"Gíga ọmọ ọdún mẹ́rin rèé," ló wí. "Kódà ọmọ tiyín yẹ kó ju báyìí lọ. Ẹ mú un wá lọ́la, a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Dàda gbójú sókè. "Dádì, mo ga, àbí?"

Irọ́ tí Yínká ti ń pa fún un látọjọ́ tọ́mọ náà ti ń rìn ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rárá, bàbá mi. O ò ga tó. Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ lọ́la, ó máa dùn ẹ́ díẹ̀. Mo máa dì ẹ́ mú."

"Ẹ̀yin náà ò ga, Dádì."

"Mo mọ̀," ni Yínká wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pa mọ́.