Ẹ̀rí Kejì tí Gbádérọ̀ Jẹ́

Ká má tan ara wa jẹ o, Gbádérọ̀ mutí. Kì í ṣe irú ẹni tó mu ìgò kan níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀. Káfíńtà ni lọ́jà pákó Bódìjà, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ iṣẹ́, àmọ́ bí kò bá tíì da páragà sọ́nà ọ̀fun láàárọ̀, ọwọ́ náà kò lè di ayùn mú. Ọdúnayọ̀ ìyàwó ẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Agbowó, bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún títí, ló bá gbé Ṣemílóore ọmọ wọn pọ̀n, ó di ilé ìyá ẹ̀ ní Àpáta. Ta ló máa bá a wí? Ojú ẹ̀ rí tó.

Ohun tó gbé Gbádérọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Ìjọ kékeré kan ní Agbowó ní kó wá tún àwọn bẹ́ǹṣì tó ti ya ṣe. Ó ń kan ìṣó lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Ayẹni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, dúró tì í.

"Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tọ́wọ́ ẹ ti ń gbọ̀n báyìí?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láìfi èébú tì í. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà Màmá mú un lọ sí ọsibítù, torí ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára kì í dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Màmá wá pàṣẹ: "Tó o bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, pálọ̀ mi ni kó o kọ́kọ́ yà sí. Ìrọ̀lẹ́ lòùngbẹ yẹn máa ń ki yín mọ́lẹ̀." Ó sì ń lọ. Wọn á jẹun, wọn á ka Sáàmù, wọn á jiyàn bọ́ọ̀lù, títí òùngbẹ á fi kọjá.

Ibi tí ìjọ ti ṣàṣìṣe rèé. Ìkánjú! Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n ti tì í síwájú pé kó wá jẹ́rìí. "Ẹ yin Olúwa!" "Halelúyà!" Gbádérọ̀ ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí títí láé. Ijó bẹ́ sílẹ̀. Ọdúnayọ̀ gbọ́, ó gbẹ́rù ẹ̀ padà wálé. Màmá Ayẹni kàn ń mirí, wọ́n ní ọbẹ̀ tí kò tíì jinná nìjọ ń bù jẹ yẹn. Àwọn kan ní Màmá ò nígbàgbọ́.

Gbádérọ̀ náà wá rò ó pé ẹni tí Ọlọ́run ti dá nídè, kí ló tún ń wá ní pálọ̀ arúgbó ní ìrọ̀lẹ́? Kò lọ mọ́. Ọjọ́ tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù fún oníbàárà kan ní Olúyọ̀lé, onítọ̀hún ṣí fìríìjì, ó na bíà tútù sí i. Ẹyọ kan péré. Háà! Ẹyọ kan yẹn lọ kó àwọn ẹbí ẹ̀ wá. Inú gọ́tà ní Agbowó làwọn akọrin ìjọ ti fà á yọ.

Alàgbà Olúwadáre wá bá a nílé. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. O ti jẹ́rìí níwájú ìjọ. Tó o bá wá ní o tún mu ún, o fẹ́ sọ Ọlọ́run dòpùrọ́ nìyẹn. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọmọ mi."

Ọdúnayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Bàbá Ṣemílóore, mi ò bínú pé ẹ ṣubú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi í pa mọ́, mo ti lọ nìyẹn, mi ò sì ní padà."

Gbádérọ̀ wo ìyàwó ẹ̀, ó wo Alàgbà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ikú gan-an lọtí ń gbé bọ̀ wá bá mi. Ẹ̀sín ni kẹ́ ẹ fún mi. Èmi ni mo parọ́, Ọlọ́run kọ́."

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n kéde àkókò ẹ̀rí, ó dìde. Alàgbà ṣẹ́jú sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, wọ́n pa máìkì mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ wò ó, ṣé Gbádérọ̀ ni wọ́n fẹ́ fìyẹn dá dúró? Ẹni tó ń pariwo lórí ẹ̀rọ ìlapákó Bódìjà látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Ó gbé máìkì sílẹ̀, ó la ohùn.

"Mo ní mo ti bọ́. Irọ́ ni! Mo mutí ní Olúyọ̀lé, mo ṣubú sí gọ́tà, ẹ sì rí mi. Tó bá wù yín, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ mi ò ní sá fún ìjọ yìí, mi ò sì ní lọ fara pamọ́ mutí. Jésù tó gbà mí nígbà tí mò ń rùn ò tíì lé mi. Ta ló wá fẹ́ lé mi nínú yín?"

Ọdúnayọ̀ dìde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn lọ síwájú, ó dúró tì í. Màmá Ayẹni ké láti ẹ̀yìn pé ẹ̀bà lòun máa tẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó má pẹ́ dé.

Láti ìgbà náà, kò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Ó ti ń mú àwọn ọ̀mùtí mìíràn dání lọ sí pálọ̀ Màmá. Láìpẹ́ yìí, nígbà tí àjọ̀dún ìjọ ń bọ̀, tí àlejò máa ti Ojoo wá, Alàgbà Olúwadáre yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ní ṣé àwọn ò ní gbọ́ ẹ̀rí àṣeparí báyìí?

Gbádérọ̀ ò gbójú kúrò lára pákó tó ń fá.

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ìyẹn, sà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sin mí. Kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ọtí kọ́ ló pa mí."