Ọjọ́ Tí Tíṣà Bising Jíwèé Wò

Kí ìlú Tigbanwa tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé-ìwé oko ló ní. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn àgbà ìlú fọwọ́ ara wọn gé ọparun, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa wá kọ́ bí a ti ń gbin ìrẹsì àti bí a ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ìjì wó o, wọ́n tún un kọ́. Ìjì tún wó o, wọ́n wá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni Visitacion Alagos ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti di olùkọ́. Ọgbà ẹ̀fọ́ àti ìtọ́jú ilé ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń ráyè pe orúkọ rẹ̀ tán. Tíṣà Bising ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìdánwò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Bí Tíṣà Bising bá ń ṣọ́ ìdánwò, eṣinṣin kò gbọdọ̀ bà lé ìwé ẹni ẹlẹ́ni. Ọmọ tó bá jíwèé wò, inú oòrùn ní ìdí òpó àsíá ni yóò mú un lọ, kí gbogbo ilé-ìwé lè rí i.

"Olè kò ní kékeré," ló máa ń wí. "Ẹni tó jí ìdáhùn lónìí, adìyẹ ni yóò jí lọ́la."

Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Òun náà sì fẹ́ràn ara rẹ̀ nítorí rẹ̀, díẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba gbé ilé-ìwé oko ga, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n sun odindi ẹlẹ́dẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù wọ́n omi mímọ́ sára ògiri. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kún un, wọ́n fi ti òtẹ́ẹ̀lì kún un, wọ́n fi ti ọlọ́pàá kún un. Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ di ọlọ́pàá fi kún kíláàsì dé ẹnu fèrèsé, tí àwọn tó fẹ́ gbin ìrẹsì kò sì kún bẹ́ńṣì kan. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé pé olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò bá ní oyè másítà kò ní lè kọ́ni mọ́. Tíṣà Bising ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì tó gbà nílé-ìwé oko ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ másítà ní ọjọ́ Sátidé. Bising forúkọ sílẹ̀. Ó wọlé, ó rí i pé àwọn tí òun kọ́ nígbà kan ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọn yóò jọ máa kàwé.

"Ẹ wá jókòó síbí, Manang," ni Jovelyn Sumande wí, ó sì fa àga fún un. Manang ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni Jovelyn, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ẹni tó wá kọ́ wọn ní ìṣirò ìwádìí ni Florante Dimzon, tó ti gba oyè dókítà bọ̀ láti ìlú Iloilo. Ọmọ tí Bising kọ́ bí a ti ń kọ ebè ìgbá ni Florante yìí.

Ìwé yòókù kò ṣòro fún Bising. Ti ìṣirò yìí ló le. Bó bá ṣí i, ńṣe ni àwọn nọ́ńbà máa ń rìn kiri lójú rẹ̀ bí ìjàlọ. Panyong, ọkọ rẹ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó èrò, máa ń wò ó, á rẹ́rìn-ín, á sì pè é ní Inday, orúkọ ìfẹ́ tí ọkọ máa ń pe aya lọ́dọ̀ wọn.

"Inday, ṣé ìwọ lò ń ka ìwé yẹn ni, àbí ìwé ló ń kà ọ́?"

"Panyong, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

"Bi Florante. Ṣebí ọmọ rẹ ni."

"Kí n lọ bi ọmọ tí mo bá nu ikun imú? Ojú wo ni n ó fi wò ó?"

Bí ọjọ́ ìdánwò ṣe dé nìyẹn. Ó ka ìbéèrè kìíní, ó yé e. Ó ka èkejì, kò yé e. Ó ka ẹ̀kẹta, ó tún un kà, kò yé e rárá. Ìwé Jovelyn ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan lòun fẹ́ wò. Ojú lọ, ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ó kọ, ó ń kọ, ó tiẹ̀ ṣe àdàkọ ibi tí Jovelyn ti ṣìṣe. Òjìji kan bo tábìlì rẹ̀.

Florante kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, ó rọra fa ìwé náà yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú ti Jovelyn pẹ̀lú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró dè mí níta."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè, síbẹ̀ gbogbo kíláàsì gbọ́.

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Jovelyn ti ń sunkún. "Sà, kí ni mo ṣe?"

"Ìdáhùn yín bára mu, títí kan ibi tí àṣìṣe wà. Jovelyn, ṣé ẹ fi ìwé yín hàn wọ́n ni?"

"Mi ò fi nǹkan kan hàn ẹnikẹ́ni! Manang, ẹ sọ̀rọ̀ ná!"

Bising la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ kó lanu gbé òun mì, ilẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba ọ̀nà géètì lọ.

Kí ó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ kan dúró lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, wọ́n ń fi ohùn tirẹ̀ gan-an kígbe pé, "Olè kò ní kékeré o!" Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Panyong wọlé láti ibi iṣẹ́, kò ṣàwàdà.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Panyong bu ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ti Jovelyn ńkọ́? Wọ́n ní wọn ò ní gbà á síṣẹ́ mọ́ bí àdéhùn rẹ̀ bá parí, pé òun ló fún ọ ní ìdáhùn. Inday, gbogbo ará ilé ọmọ yẹn, òun ni wọ́n ń wojú rẹ̀ jẹun."

Bising ti àwo náà sẹ́yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ̀kọ́ másítà. Florante wà níbẹ̀. Jovelyn náà jókòó sí ìkángun kan, ojú rẹ̀ wú.

"Mo jíwèé wò," ni Bising wí kí wọ́n tó ní kó jókòó. "Jovelyn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bi í, mo sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn burú ju ìwé tí mo jí wò lọ."

Jovelyn kò wò ó. "Mi ò tíì fojú kan oorun láti Sátidé."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ ò mọ̀, mà. Ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ bá ti wá lánàá."

Bising tẹrí ba. Òótọ́ ni.

Florante sìn ín dé ìta. "Mà, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ojú ń tì mí."

"Mo rí i pé kò yé yín. Ojú ń ti èmi náà láti bi tíṣà mi pé ṣé ó yé e."

Wọ́n ní ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, wọ́n sì gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí ló ń lọ jókòó lójoojúmọ́, ó ń bomi rin àwọn ọmọ ewéko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Jovelyn kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, á kí i dáadáa, á kọjá, kò sì jókòó tì í mọ́ láéláé.

Ní ọdún kejì, Bising padà sọ́dọ̀ Florante. Bí nǹkan kò bá ti yé e, á nawọ́ sókè. Àwọn ọ̀dọ́ á pòṣé, á tún nawọ́. Máàkì tó gbà kò ga, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó gba oyè másítà náà nígbẹ̀yìn, ó sì kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ tuntun kò mọ ìtàn náà. Bí wọ́n bá rí màmá arúgbó yìí lọ́nà, wọ́n á gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á fi kan iwájú orí wọn, bí wọ́n ti ń kí àgbà níbẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Àmọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀. Kíá ló máa ń fà á padà, bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.