Ọdún Mẹ́rin tí Bàbá Mi Gé Kúrò

Láti kékeré ni mo ti kúrú. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ ilé ìwé, tíṣà ní kí n gbé ọwọ́ kọjá lórí kí n fi kan etí kejì. Ọwọ́ mi kò dé ibẹ̀. Lọ́dún kejì, kò dé ibẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, mo ti dàgbà ju gbogbo kíláàsì lọ. Bàbá mi bá gba kóòtù lọ, ó búra, ó gé ọdún mẹ́rin kúrò nínú ọjọ́ orí mi. Ìwé ìbúra yẹn ni mo fi gba páásípọ́ọ̀tù, òun náà ló gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Kò dùn mí rí, àfi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òrùlé ilé màmá mi ní Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo ní owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù mi láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Becontree. Mo pe àwọn tí owó náà wà lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó gbé fóònù ṣàlàyé pé ẹni tó bá pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta lè gbà á: ìdá kan nínú mẹ́rin kò ní owó orí, ìyókù ni wọn yóò kà mọ́ owó iṣẹ́ ọdún náà, wọn yóò sì gba owó orí lórí rẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, kí n ní sùúrù.

Irọ́ ni! Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, orúnkún mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ òrùlé tó ń jò kò gbọ́ òwe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sútánà funfun lọ́rùn rẹ̀. "Sister, ẹ má worry. Mo mọ agent kan tó máa bá yín gbé e jáde before age."

Mo ti ń ka páànù lọ́kàn kí n tó délé. Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí síbí, ló dá mi dúró. "Mummy, no! Tí ẹ bá gbé e jáde before age, tax nìkan lè gba more than half. Agent yẹn á tún mú tiẹ̀. Kí ló máa wá kù?"

Inú bí mi. Mo bínú sí i, mo bínú sí bùrọ̀dá, mo bínú sí bàbá mi tó ti kú. Ṣùgbọ́n mo ti gbé arúgbó dìde, mo ti nu ìdí wọn nítorí owó yẹn. N kò ní fi ìdajì rẹ̀ ta ìjọba lọ́rẹ.

Mo pe màmá mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ìwé ní mi ò tíì dàgbà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún tí mo bí ọ ni bàbá rẹ kan òrùlé yìí. Òrùlé ti gbó, ìwọ wá di ọmọdé?"

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá mi pé kó fi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kún tèmi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ra páànù. Mo ní kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti yàrá màmá mi. Yàrá náà ti parí, pálọ̀ ṣì ń jò sínú abọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi wà níbi tó wà, tí ọjọ́ orí inú ìwé bá pé, n óò máa gbà á ní díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kí owó orí má baà pọ̀ jù.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni màmá mi máa ń bi mí. "Ṣé ìwé yẹn ti lé ọ bá?"

"Ó ku ọdún kan ààbọ̀, Màmá."

"Sọ fún un kó yára. Kò sẹ́ni tó bá mi gé tèmi kù."