Ìwé Tí Ìyá Mi Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ìyá mi kò wọ yàrá ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rí, títí di ọjọ́ tó wá gba ìwé lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo èèyàn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni. Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ìwé tí ìjọ Àgùdà ṣí sí ẹsẹ̀ òkè ní Dassa. Mo ń yá àwọn tó mọ̀wé ní ìwé. Ní Ọjọ́bọ̀, tí iléèwé kì í sí, mo máa ń kàwé fún àwọn obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n kà: ojú mi á wà lára Faransé, ẹnu mi á máa sọ Ìdáàṣà, èdè ilé wa. Wọ́n á máa bó ẹ̀pà, wọ́n á máa gbọ́.

Ìwé ìtàn tuntun kan ló dá ìjà sílẹ̀. Obìnrin inú rẹ̀ gbé àkọ́bí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yàgàn, ọmọ náà sì ń pe ìyá tó bí i ní tàǹtí. Obìnrin kan, ará Kèrè nítòsí, ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún ọmọ náà kíá. Ìyàwó katikíìsì ní ẹni tó kọ irú ìwé yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Tàǹtí Mónìkà, àbúrò ìyá mi, tí kì í pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ, ní, "Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn." Ẹ̀yìn ará Kèrè ni èmi wà. Mo fi Tàǹtí ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ọkàn rẹ̀ le.

Ó ku orí kan kí ìwé parí nígbà tí ẹnì kan ròyìn ìtàn náà fún ìyá mi níbi tó ti ń ta iṣu lọ́jà Glazoué, pé ọmọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Ìyá mi kò mọ̀wé. Kò gbà pé inú ìwé Faransé ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí a fẹ́ ka orí yẹn, ó wọlé tòun ti eruku lẹ́sẹ̀, ó já ìwé gbà.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kí ni, Màmá?"

Àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí. "Mónìkà, ṣé bí a ṣe bá ara wa sọ ọ́ nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ni. Mi ò sọ nǹkan kan fún un." Ẹ̀pà ọwọ́ Tàǹtí ti dà sílẹ̀.

Àwọn tó ti ń jiyàn láti ọjọ́ yìí wá tẹjú mọ́ ẹ̀pà ọwọ́ wọn. Ọmọ inú ìwé tí mo ti ń gbèjà rẹ̀, èmi ni. Ìyá mi ki ìwé bọ abíyá, ó sì jáde lọ.

Mo ka ìwé púpọ̀ fún èèyàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò tún fi olùgbọ́ kankan ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. A kì í mọ ibi tí ìtàn ti ń ta ẹnìkejì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tó já ìwé gbà, ìyá mi gbé ìwé náà padà wá. Ó jókòó ti Tàǹtí Mónìkà níwájú.

"Kà á tán," ló wí. "Èmi àti àbúrò mi fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ṣe."