Bàbá Àlímì àti Ẹ̀rọ Tó Ń Tilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 2018, ìròyìn kàn káàkiri ayé pé àbùkù wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ti ń ṣe sínú púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà láti bí ogún ọdún. Kí oṣù náà tó parí, Bàbá Àlímì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàgámù ti fi àbùlẹ̀ tó ń dí àbùkù náà sí kánẹ̀lì, ìyẹn ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí ẹ̀rọ, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí Àlájà Ìdíátù fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ọ̀hún ti ń rìn bí aboyún tó ru omi.

Àsìkò ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yunifásítì ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò dé ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀rífù tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní òdìkejì. Ìdíátù ránṣẹ́ pe bàbá náà.

"Bàbá, ẹ ba ẹ̀rọ mi jẹ́!"

"Mi ò bà á jẹ́. Mo kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Àlájà, ọmọ olóbì ni yín. Bí ẹni tó ń bá yín tajà bá ń sáré wọ yàrá lọ gbé obì kí oníbàárà tó lanu ńkọ́?"

"Ó mọṣẹ́ nìyẹn."

"Bí ẹ bá ní oníbàárà yẹn ò gbọdọ̀ rí i, á dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n á wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, á mọ ohun tó wà ní yàrá. Ohun tí ọpọlọ ẹ̀rọ yín ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ lé e dànù!"

"Inú irin ni wọ́n bí i sí. Ilẹ̀kùn yàrá nìkan la lè máa tì. Ká ṣí i, ká mú nǹkan, ká tún un tì. Òun ló ń jẹ́ kó pẹ́."

"Kí lolè fẹ́ jí níbẹ̀?"

"Páásíwọ́ọ̀dù àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

"Bàbá, mò ń kánjú!"

Ọdún mẹ́fà ni Ìdíátù fi ké igbe yìí mọ́ ọn. Kò gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ẹlòmíràn. Ó ní òun ò ráyè ni. Bàbá náà kò yọ àbùlẹ̀, kò sì bínú. Ó kàn ra bẹ́ǹṣì gígùn wá fún àwọn tó ń dúró.

Wọ́n ní ìwà ẹ̀rọ náà ràn án. Níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kó gbé obì wá fún àlejò. Ó ṣílẹ̀kùn, ó mú ẹyọ kan, ó tilẹ̀kùn, ó gbé e wá, ó tún padà. Àwọn kan ní ogún obì ni; Rasheedat, ìyá ọmọ, ní méjìdínlógún ni, òun kà á. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò jiyàn rẹ̀ ni pé kí obì tó kárí, lèmọ́mù ti sùn.

Nígbà tó ṣàìsàn, dókítà bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni.

"Ta ló rán ọ wá?" ni Bàbá Àlímì wí.

Ọdún 2024 ló kú. "Ó lé ní àádọ́rin ọdún" ni wọ́n kọ sínú ìkéde ìsìnkú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó fi lé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Níyì, atúnkọ̀ǹpútàṣe láti Ìlíṣàn, yà sí ṣọ́ọ̀bù Ìdíátù.

"Mọ̀mí, mo lè yọ àbùlẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ̀rọ yín á máa sáré bí ehoro, oníbàárà yín á padà."

Ìdíátù wo òdìkejì títì, níbi tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀rífù. Ó wo ọmọbìnrin mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀."

Níyì lọ. Ìdíátù tẹ orúkọ ọmọ àkọ́kọ́ sí i. Òrùka kékeré ń yí lójú ẹ̀rọ, ó ń yí, kò dúró. Ìdíátù fa àga rẹ̀ mọ́ ọn, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ rọra ṣe é, Bàbá. Mi ò kánjú mọ́."