Ewé Inú Àpótí Gíláàsì Ìyálé Mi

Àpótí gíláàsì tí ìyálé mi fi ń ta bọ́ọ̀nsì ló sọ di ilé ewé nígbà tó fi òwò náà sílẹ̀. Igun pálọ̀ wa ní Òkìtìpupa ló gbé e sí, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ewé etí odò kan ló gbìn sínú rẹ̀, èyí tí ọ̀mùnú rẹ̀ máa ń ká kò bí ìrù alágẹmọ. Ìdí àmù ìyá rẹ̀ ló ti wú u. Ìyá ti kú, omi ti gbé ilé lọ, ewé yìí nìkan ló kù.

Ẹnu mi kì í dákẹ́ nígbà náà. Mo ní ìgbéraga lásán ni, ta ní ń gbin igbó sínú ilé? Ṣùgbọ́n mo ń wò ó, ohun tí mo sì ń rí ń dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí gíláàsì bá ń làágùn, á ti ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Bó bá gbẹ, á dé e padà. Nígbà òjò, ó lè pẹ́ kó tó bomi rin ín. Bí ọyẹ́ bá dé, á rẹ aṣọ sómi, á fi bo ojú fèrèsé. Oòrùn ò sì gbọdọ̀ bá a níbẹ̀, á ti gbé e sún. Obìnrin náà mọ nǹkan í ṣe, kí n má purọ́.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an, ìyálé mi sì lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Igbotako. Ọkọ wa ló fi àpótí sílẹ̀ fún, kì í ṣe èmi. Ọkọ wa, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ paraku! Ó ní ewé tí kò rí oòrùn kò lè yè. Ó gbé e síta, ó dé e pa, ó bá tirẹ̀ lọ sóko.

Nígbà tí mo fi tọjà dé, ooru ti se ewé náà bí ẹ̀fọ́. Mo lọgun. Mo gbé e wọlé, ṣùgbọ́n mi ò ṣí i gbayawu, kí ọyẹ́ má baà gbẹ ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ti ìdérí títí ooru fi jáde. Mo gé èyí tó ti jóná sọnù, mo rẹ aṣọ sómi, mo fi bo fèrèsé. Nígbà tí ọkọ wa dé, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i.

"Ṣé ẹ̀gẹ́ lẹ pe èyí ni?"

Ó sá lọ sílé aládùúgbò. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bọ́jú láàárọ̀, gíláàsì yẹn ni mo ń kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí ìyálé mi dé, ìdí ewé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá ló bá, àti ọ̀mùnú tuntun kan ṣoṣo. Ọkọ wa jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó sì sọ ẹni tó tún un ṣe. Ìyálé mi ti ìdérí, ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí, ó fi ń wo bí ooru ibẹ̀ ṣe rí.

"Ta ló kọ́ ọ?" ló bi mí.

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

"Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan."

"Mo ń wò yín ni."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá tèmi náà ò kọ́ mi," ló wí. "Mo ń wò ó ni."