Òwúrọ̀ Tí Ogójì Kọ̀ǹpútà Dúró

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó padà dé Òmù-Àrán nígbà náà, ilé ìwé girama kan sì ní kí n bá àwọn ṣètò yàrá kọ̀ǹpútà. Ogójì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí a ń wò lásán ni wọ́n, wọn kò ní ọpọlọ tiwọn. Kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò gan-an wà nínú sáfà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ńlá tó ń bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́, ní yàrá ẹ̀yìn, orí dìsíkì kan náà, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, sì ni iṣẹ́ gbogbo wọn wà. Mo ṣírò bí ẹrù wọn ṣe máa pọ̀ tó, mo ra dìsíkì tó gbà á tó tún ṣẹ́kù, mo sì sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ààyè ibẹ̀ á tó wa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún." N kò bi ara mi bí dìsíkì náà ṣe lè yára tó bí ogójì ènìyàn bá ké sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ ìdánwò ìdánrawò ni àṣírí mi tú. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tan gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kò sì sí èyí tó ṣí. Ìdajì wákàtí kọjá. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀gá ní ìdánwò gidi ku ọ̀sẹ̀ méjì, pé bí kò bá dára, pépà ni àwọn máa padà sí. Mo dá iná lẹ́bi, mo dá wáyà lẹ́bi.

Ìyá àgbà tó ń kọ́ wọn ní títẹ̀wé ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jókòó síbí láàárọ̀ rí?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Bí èmi nìkan bá ń lò ó lọ́sàn-án, kíá ló ń ṣí. Àárọ̀ tí gbogbo wọn bá tàn án pọ̀ ló máa ń kú. O ò kàn bi mí ni."

Ojú tì mí. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ìyá náà, tí à ń kọ ìgbà tí iṣẹ́ ń wọ dìsíkì náà lọ́rùn àti ìgbà tó ń fúyẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé dìsíkì náà kúrò, mo fi èyí tí ààyè rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tó yára gan-an rọ́pò rẹ̀. Mo tún ṣètò sáfà kó máa jí àwọn kọ̀ǹpútà náà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Lọ́jọ́ ìdánwò gidi, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n wọlé. Mo kàn ń gbọ́ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì wéréwéré.

Iṣẹ́ yìí náà ni mo ṣì ń ṣe, ní Ìlọrin àti káàkiri, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. N kì í ra ohunkóhun mọ́ láìkọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó máa lò ó. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì sí Ìsánlú-Ìsin, ó ń dáko ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo yà kí i láìpẹ́ yìí, ó fi mí han aládùúgbò rẹ̀: "Èmi àti ẹni yìí la jọ tún kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa ṣe."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí tó le níbẹ̀."